Orúkọ Kì Í Ro Fáìlì

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn atẹ̀wé, akọ̀wé àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu nìkan ni mo yọ kúrò.

Alága ìjókòó òní, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀gá atẹ̀wé tí ẹ rìn wá láti Mọ́kọ́lá, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ètò lóru mọ́jú ọjọ́ ìsìn, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò tó, ẹ má bínú, ẹ̀yin gan-an ni mo bá ọ̀rọ̀ wá. A sì kú ooru.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Mo ti tẹ pírójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ti tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, mo ti tẹ ìwé ètò ìsìnkú bàbá tó jẹ́ pé èmi náà ni mo tẹ ìwé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Kí lẹ rò pé ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín èmi àti oníbàárà? Ẹ ó ní owó ni. Kì í ṣe owó. Ẹ ó ní iná tó lọ ni. Kì í ṣe iná. Fáìlì ni. "Bọ̀dá, mo ti fi ránṣẹ́, ẹ ní kò ṣí." "Ọ̀gá, ó ṣí lórí fóònù mi, kí ló dé tí kò ṣí lọ́dọ̀ yín?" "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ ọ́ di PDF, mo kàn yí orúkọ rẹ̀ ni." Èyí tó kẹ́yìn yìí ló gbé mi dé iwájú yín lónìí.

Kí ló wà nínú fáìlì?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni fáìlì? Arákùnrin tó wà níwájú níbí ní ìwé ni. Ó kù díẹ̀ kó gbà á. Bí a bá pè é ní ìwé, a ó máa rò pé fọ́tò ni fọ́tò ń jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, pé orin ni orin ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni gbogbo wọn. Láti òdo títí dé 255, nọ́ńbà kan tẹ̀ lé òmíràn, báìtì ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò ìkómọ yín, ìwé ẹ̀rí yín, ìwàásù tí ẹ gbà sórí fóònù, nọ́ńbà tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan ṣoṣo. Ohun tó sọ ọ̀kan di orin tó sọ èkejì di àwòrán ni àdéhùn. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti fẹnu kò pé báyìí ni ká máa kà á. Àdéhùn yẹn là ń pè ní irú fáìlì.

Àwọn bàbá wa mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Kí ni wọ́n ń pè ní àrokò? Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹfà ni, ó ń sọ pé ọkàn òun fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, èrò yín jọ. Owó ẹyọ kan náà ni. Ẹni tí kò mọ àrokò á kà á, á sì fi ra gúgúrú. (Ẹ̀rín.) Ṣé owó ẹyọ ló bàjẹ́? Rárá o, ẹni tó lè kà á ni kò sí nílé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà. Word mọ àrokò tirẹ̀, CorelDRAW tí a fi ń ṣe ìwé ètò mọ tirẹ̀, áàpù tó ń kọ orin mọ tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ síwájú yín pé òun ò lè ṣí fáìlì kan, ẹ má tètè sọ fún oníbàárà pé ó ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ló mọ ọ́n kà.

Orúkọ àti ilà ojú

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Mo fara mọ́ ọn, fún ọmọ. Fún fáìlì, rárá. Orúkọ kì í ro fáìlì.

Ọ̀pọ̀ jù lọ fáìlì ló ní ìrù lẹ́yìn orúkọ rẹ̀: àmì kókó kan, lẹ́yìn náà lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. DOCX, PDF, JPG, MP3. Láyé DOS, ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò kí Windows tó gbòde, orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, ìrù kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́ta. Ìgbà tí Windows 95 dé ni wọ́n tú okùn lọ́rùn wa. Ìdí nìyẹn tí ìrù fi pọ̀ ní lẹ́tà mẹ́ta títí di òní. Kí ni iṣẹ́ ìrù yìí? Kò ju kó sọ fún Windows pé ta ni kó pè wá kà á. Kò yí ohun tó wà nínú padà rárá.

Ẹ wo ara ògiri. Ọmọ mi, gbé e tóbi díẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mi rèé, JPG ni. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo yí ìrù ẹ̀dà náà sí PDF. Ẹ rí i? Àwòrán kékeré tó wà lójú rẹ̀ ti di ti PDF. Ó jọ PDF. Ẹ jẹ́ ká ṣí i. Ó ní òun ò mọ ọ́n. Mo dá ìrù rẹ̀ padà sí JPG. Mo ṣí i. Ojú mi rèé. Ẹni tó dé fìlà ọ̀gá ọlọ́pàá kò tíì di ọlọ́pàá.

Báwo wá la ṣe ń mọ ẹni tí fáìlì jẹ́ gan-an? Ojú rẹ̀ la ó wò. Láyé àtijọ́, bí àjèjì bá wọ̀lú tó purọ́ orúkọ, ilà ojú rẹ̀ á tú u fó. Fáìlì náà ń kọlà. Ẹ jẹ́ ká fi Notepad, ètò Windows tó ń ṣí ọ̀rọ̀ lásán, ṣí ojúlówó PDF kan tipátipá. Ẹ fi wúruwùru tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ wò. Kí ló wà níbẹ̀? Àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún, lẹ́tà P, D, F. Ilà PDF nìyẹn. Fọ́tò PNG ń kọ PNG sójú tirẹ̀ bákan náà. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé Word kan, DOCX. Kí ló kọ sójú? P àti K.

Ta ni PK? Ará Amẹ́ríkà kan ni, Phil Katz. Òun ló ṣe ZIP, irú fáìlì tí a fi ń di ọ̀pọ̀ ẹrù pọ̀, lọ́dún 1989. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló fi kọlà fún un. Kí ni ilà Katz wá ń ṣe lójú ìwé Word? Torí pé ZIP ni DOCX. Láti Office 2007 ni Microsoft ti ń di ìwé Word bí ẹni di ẹrù sínú àpò: ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, àwòrán lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ nínú ZIP kan. Excel náà, PowerPoint náà. APK tí ẹ fi ń gbé áàpù sórí Android, ZIP lòun náà.

Ẹ ó ní kí lèyí kàn yín. Ṣé ẹ mọ oníbàárà tó máa ń lẹ fọ́tò mẹ́wàá mọ́ inú Word kó tó fi ránṣẹ́? Ẹ má jókòó máa fà á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, ẹ yí ìrù rẹ̀ sí ZIP, ẹ tú u. Ẹ wọ inú fódà tó ń jẹ́ word, ẹ wọ media. Fọ́tò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tò síbẹ̀. Mo rí àwọn kan tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣeun, ìyẹn nìkan tó owó ọkọ̀ tí ẹ wọ̀.

Ohun kan rèé tó ń bí mi nínú. Windows máa ń fi ìrù yìí pamọ́ fún wa, bí ẹni pé ọmọdé ni wá. Ẹ délé, ẹ ṣí fódà, ẹ lọ sí View, ẹ lọ sí Show, ẹ máàkì File name extensions. Kí ló dé? Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, lẹ́tà kan jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines, ó sì ràn ká ayé kí ọjọ́ méjì tó pé. Lórí íméèlì ló ń wọlé, ó ní òun jẹ́ lẹ́tà ìfẹ́. Orúkọ tí fáìlì náà ń jẹ́ ni LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Windows gé VBS ìkẹyìn pamọ́, TXT nìkan ni ojú ń rí. TXT kì í pani lára, ọ̀rọ̀ lásán ni. VBS ńkọ́? Àṣẹ ni, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àwọn èèyàn fọwọ́ kan lẹ́tà ìfẹ́, ó jẹ fọ́tò wọn, ó sì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà.

Ẹ má rò pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé ìpè ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tí ìrù rẹ̀ sì jẹ́ APK, áàpù ni, kì í ṣe ìwé ìpè. Ẹ má fọwọ́ kàn án, kódà kó jẹ́ ọmọ ìyá yín ló fi ránṣẹ́. Ẹ pè é lórí fóònù.

Èlùbọ́ àti àmàlà

Mo fẹ́ dúró pẹ́ níbí, torí ibí ni owó wa ń gbà jò.

Lọ́dún kan, ọmọkùnrin kan gbé ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀ wá, ojú ewé mẹ́jọ, JPG ni gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ ọ̀tàlélúgba ẹ̀dà. Alẹ́ ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ Ẹtì ni àìsùn. Mo ní kó kà á kí n tó tẹ̀ ẹ́, torí mo ti gbọ́n. Ó kà á, ó dákẹ́. Ó tún kà á. Wọ́n kọ pé bàbá fi ọmọ mẹ́fà sílẹ̀ lọ. Méje ni bàbá bí. Ọmọ keje tí wọ́n gbàgbé, òun ló wà lókè òkun. Òun ló sì fowó òkú ránṣẹ́. (Ẹ̀rín.)

Mo ní kó gbé fáìlì tí wọ́n fi ṣe é wá. Ó ní òun rèé. Mo ní JPG nìyí, Corel rẹ̀ dà? Ó ní kí ni Corel? Ó pe ẹni tó bá a ṣe é, fóònù rẹ̀ ò lọ. Bí a ṣe jókòó nìyẹn tí a tẹ ojú ewé mẹ́jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, orin, ẹsẹ Bíbélì, orúkọ àwọn àna, títí ilẹ̀ fi mọ́. Torí "mẹ́fà" tó yẹ kó jẹ́ "méje".

Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, mo ní ìbéèrè fún yín. Ṣé a lè fi èlùbọ́ ro àmàlà? Ẹ ṣeun. Ṣé a lè sọ àmàlà di èlùbọ́ padà? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọmọ yẹn ní kí n ṣe nìyẹn.

Èlùbọ́ ni CDR, ìyẹn fáìlì Corel. Èlùbọ́ ni PSD ti Photoshop, èlùbọ́ ni DOCX. Nínú wọn, ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀, àwòrán ṣì dá dúró, ẹ lè yọ mẹ́fà kí ẹ fi méje sí i. Àmàlà ni JPG. Ọ̀rọ̀ àti àwòrán ti po pọ̀, dọ́ọ̀tì àwọ̀ lásán ló kù. Àmàlà ni PDF náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ṣì lè wà nínú tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú òpó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní òun á sọ PDF di Word fún yín. Ó ń ṣe é lóòótọ́, bí ẹni sá àmàlà àná sóòrùn tó sì gún un. Ẹ ó rí nǹkan dúdú kan tó jọ èlùbọ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ rò ó. Tábìlì á fọ́, ìlà á yà, àmì ohùn á fò lọ.

Torí náà, ẹ máa tọ́jú èlùbọ́. Bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ fún èèyàn, ẹ fún un ní àmàlà, kí ẹ sì kọ èlùbọ́ pamọ́ lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn láti ṣe, kí ẹ tó san àṣẹ́kù owó, ẹ gba àmàlà, ẹ gba èlùbọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan níbí ò ní fẹ́ràn èyí tí mo sọ yìí. Wọ́n ń fi èlùbọ́ so oníbàárà mọ́lẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká máa gba owó rẹ̀ ní gbangba dípò ká máa fi pamọ́.

Àwọn oníCorel, ẹ tún gbọ́ tiyín. Corel tuntun ń ka ti àtijọ́, ti àtijọ́ kò lè ka ti tuntun. Bí ẹ bá ń fi CDR ránṣẹ́ sí Ṣómólú, ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀, kí ẹ sì yan nọ́ńbà yẹn nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ pamọ́.

PDF ńkọ́, kí ló wúlò fún? Adobe ló gbé e jáde lọ́dún 1993. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìwé tí yóò rí bákan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Kí ló ń jẹ́ kí ìwé máa yí padà bó bá dé ẹ̀rọ míì? Fọ́ǹtì ni, ìyẹn bátànì tí lẹ́tà fi ń hàn. Word kì í sábà gbé fọ́ǹtì dání, orúkọ fọ́ǹtì ló ń gbé lọ. Bó bá dé ibi tí fọ́ǹtì náà kò sí, á yá ti aládùúgbò lò.

Ìyẹn ti dá sẹ̀ríà fún èmi gan-an. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni, ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Lórí ẹ̀rọ mi, ó dára bí omi orí ewé kókò. Mo fi Word ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan. Nígbà tí páálí dé tí mo ṣí i, gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ, ọ àti ṣ wà, àpótí òfìfo kéékèèké ló jókòó síbẹ̀. Orúkọ ìyàwó, orúkọ ọkọ, orúkọ ìdílé méjèèjì. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ìyá ìyàwó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ta lẹ ní ó ń gbé ọmọ mi níyàwó?" Mo fi owó ara mi tún un tẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, PDF ni mo fi ń ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, mo sì ń rí i dájú pé fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀. Nínú Corel, ẹ sọ lẹ́tà di curves, ìyẹn àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́, kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ̀dà ni kí ẹ ṣe é lé lórí o! Bí ẹ bá ṣe é lé ojúlówó, ẹ ti ro èlùbọ́ yín nìyẹn.

Àmì orí, àmì abẹ́

Ẹ jẹ́ ká yà síbí díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ èdè wa ni. Mélòó ni lẹ́tà tó wà nínú "ọ̀rọ̀"? Mẹ́ta. Ojú yín rí mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà ń fi báìtì 11 pa á mọ́. Báìtì kan péré ni r ń jẹ. Ọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ mẹ́ta, àmì ohùn orí rẹ̀ ń jẹ méjì.

Kí àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Unicode tó jáde lọ́dún 1991, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, fọ́ǹtì àdáṣe là ń lò. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì á lé àmì kan kúrò lórí àga rẹ̀, á fi ẹ tàbí ṣ jókòó síbẹ̀. Bí ìwé náà bá dé ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, onílé àga á padà dé, ọ̀rọ̀ á di kàyéfì. Bí ẹ bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ tètè tún un tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ń kà á tó kú.

Unicode ti yanjú ìyẹn, ó ku ọ̀kan. Ọ̀nà tí a lè gbà kọ ọ̀ kò mọ ní ẹyọ kan. A lè kọ ọ, ká fi àmì ohùn lé e. A sì lè kọ ò, ká fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìbejì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló jẹ́ pé bí ẹ bá pe Táyé, Kẹ́hìndé ò ní dáhùn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé yín, tó wà níwájú yín kedere, tí ẹ̀rọ ń sọ pé kò sí. Kíbọ́ọ̀dù kan náà ni kí ẹ fi tẹ ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Òdo tó sọnù

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ àti alájẹṣẹ́kù, tiyín ló kàn. CSV. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, kọ́mà ló fi ń pààlà. Kò mọ àwọ̀, kò mọ fọ́ǹtì, kò mọ èyí tó jẹ́ nọ́ńbà àti èyí tó jẹ́ orúkọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel á ṣí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n jù yín lọ. Nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, á ní òdo iwájú kò wúlò, á gé e dànù. Nọ́ńbà báńkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, á di mẹ́sàn-án dípò mẹ́wàá. Nọ́ńbà tó bá ju 15 lọ ní gígùn, á sọ ìyókù di òdo. Orúkọ ńkọ́? Ẹ wo ara ògiri. Ṣadé wọlé, ó jáde báyìí: á¹¢adÃ©. Kò sí ẹni tó ṣépè fún un. Excel kàn fi àrokò ọ̀nà kan ka àrokò ọ̀nà kejì ni.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ ṣí Excel, ẹ lọ sí Data, ẹ yan From Text/CSV. Ẹ sọ fún un pé UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń kọ Unicode ní báìtì, ni, ẹ sì sọ fún un pé Text ni òpó fóònù. Ó parí.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bá. Lọ́dún 2020, nígbà kòrónà, ní Ìlú Ọba, àwọn ilé àyẹ̀wò ń fi èsì ránṣẹ́ nínú CSV. Public Health England, àjọ ìjọba, ń kó o sínú Excel oríṣi àtijọ́, ìyẹn XLS. XLS kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. XLSX tó rọ́pò rẹ̀ ń gba 1,048,576. Nígbà tí XLS kún, ìyókù já sílẹ̀, kò pariwo. Èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní kòrónà ni kò sí nínú ìṣirò lásìkò. Àwọn tó yẹ kó lọ kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n bá jókòó, jẹun, wọkọ̀, kò gbọ́. Ìyàtọ̀ lẹ́tà X kan nínú ìrù fáìlì.

Fọ́tò

Mo máa sáré sọ èyí. JPEG, tí ìrù rẹ̀ ń jẹ́ JPG, àdéhùn ọdún 1992, ń dín fọ́tò kù nípa jíju ohun tí ojú kò ní tètè mọ̀ dànù. Bí ẹ bá ti ń ṣí i, tí ẹ̀ ń tún un ṣe, tí ẹ̀ ń kọ ọ́ pamọ́, ó tún ń jù sí i. Bí ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu ni, kò sí ẹnu tí kì í jẹ díẹ̀ lára rẹ̀. PNG kì í ju nǹkan kan dànù, ó sì lè fi ẹ̀yìn sílẹ̀ ní òfìfo, òun ló dára fún lógò. HEIC ni iPhone fi ń ya fọ́tò láti 2017. Bí Windows yín ò bá mọ ọ́n, kì í ṣe pé fọ́tò bàjẹ́, ẹ ní kí oníbàárà sọ ọ́ di JPG kó tó fi ránṣẹ́.

WhatsApp sì máa ń fún fọ́tò bí ẹni fún aṣọ. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kó fi ránṣẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fọ́tò. Fọ́tò tó fẹ̀ ní dọ́ọ̀tì 1,200, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní 300 sí ínǹṣì kan, ínǹṣì 4 ló fún yín. Kí oníbàárà má wá gbé e wá pé kí ẹ fi ṣe kàlẹ́ńdà ara ògiri.

Alága ń wo aago. Mo ti rí yín, sà.

Káàdì inú áńkáṣíìfù

Kí n fi ọ̀kan yìí dá a dúró. Bàbá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó di káàdì mẹ́mórì mọ́ inú áńkáṣíìfù. Fóònù oníbọ́tìnnì tó ń lò tẹ́lẹ̀ ti kú. Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé wà nínú káàdì náà, ó ń kì í ní oríkì. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló ti dé, wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Mo wo ìrù rẹ̀: AMR. Mo fi Notepad ṣí i, mo wo ojú rẹ̀. Àmì méjì, lẹ́tà mẹ́ta: #!AMR. Ilà rẹ̀ mọ́ rekete. Ohun tí àwọn fóònù àtijọ́ fi ń gba ohùn sílẹ̀ ni.

Mo gbé VLC wá, áàpù tó mọ oríṣiríṣi fáìlì ohùn àti fídíò kà, mo fà á sínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ hó ṣáà, ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìnkùlé, lẹ́yìn náà ni ìyá wọlé. Mo kọ AMR náà sórí fláàṣì méjì, mo ṣe MP3 rẹ̀ sórí fóònù tuntun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n tún gbé e sí i. Mo tún gbé e sí i. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sí èyí tó sọ pé òun ń kánjú.

Ẹni tó bá ní fáìlì tí kò ṣí lórí fóònù, kó gbé e wá síwájú níbí, a ó jọ wo ojú rẹ̀. Alága, gbohùngbohùn yín rèé.